Òdòdó Tí Ọyáyẹmí Kọ̀ Láti Kùn

"Mo ní kí o kùn wọ́n ni, n kò ní kí o pa wọ́n," ni Mùsíyò Anicet wí, ó sì gbé agolo ọ̀dà pupa kan, irú èyí tí a ń fọ́n, lé orí àpótí tí Ọyáyẹmí máa ń jókòó lé bí ó bá ń tọ́jú òdòdó rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ láàárín àwọn ọ̀pẹ bàbá rẹ̀ ní ìpẹ̀kun ìlú Ifangni, níbi tí ọ̀nà ti yà lọ sí Lagbé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Ọyáyẹmí, ó ku ọdún kan kó ṣe BAC, ìdánwò tí wọ́n fi ń jáde kọlẹ́ẹ̀jì. Ó kọ́ àtíbàbà kan sí ẹ̀yìnkùlé ilé wọn: òpó ọparun mẹ́rin, àti báàṣì lókè, ìyẹn aṣọ rọ́bà ńlá tí àwọn onímọ́tò fi ń bo ẹrù. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn òdòdó náà wà, nínú ike, nínú agolo tòmátì, nínú ìkòkò tó ti fọ́ létí. Bùròmélíà ni wọ́n ń pè wọ́n ní kọlẹ́ẹ̀jì. Ẹbí ọ̀pẹ òyìnbó tí a ń jẹ ni wọ́n. Ewé wọn ṣe ṣóńṣó bíi tirẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ ni tiwọn: òmíràn pupa bí osùn, òmíràn rí bí ọsàn tó pọ́n, òmíràn sì ní ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ lára. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni àwọn ọmọ ọ̀pẹ ọ̀ṣọ́ wà, títí kan ọ̀kan tí ewé rẹ̀ ṣí bí abẹ̀bẹ̀.

Kò fowó ra ìkankan nínú wọn. Àǹtí rẹ̀ Fortunée, tó ń gbálẹ̀ ní ilé ìgbàlejò kan ní Àjàṣẹ́, ni ó mú àkọ́kọ́ wá fún un ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Bùròmélíà kì í tanná ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láyé rẹ̀. Bí ó bá ti tanná tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, àwọn olùtọ́jú ọgbà á sì wọ́ ọ jù sí ààtàn. Wọn kò mọ̀ pé ó ti bímọ sí ìdí, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń ṣe. Ọyáyẹmí mọ̀. Ó gé ọmọ náà, ó gbìn ín, ọmọ sì tún bímọ. Láti ọjọ́ náà ni Fortunée ti ń ṣa èyí tí wọ́n bá jù nù wá fún un, títí wọ́n fi lé ní ọgọ́rin. Ní ti àwọn ọ̀pẹ, hóró wọn ni ó ń ṣà kiri. Ọ̀kan lo oṣù méje nínú ilẹ̀ kó tó hù, àwọn ẹlẹgbẹ́ Ọyáyẹmí sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé òkúta ló gbìn.

Iṣẹ́ Anicet ni kí ó máa ṣe ibi ayẹyẹ lọ́ṣọ̀ọ́ fún àwọn ọlọ́lá. Wọ́n fẹ́ ṣí ilé ńlá kan ní Àjàṣẹ́ ní ọjọ́ Sọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọgọ́ta bùròmélíà pupa ni ó sì ń wá. Mẹ́rìnlá péré ló pupa nínú ti Ọyáyẹmí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù ṣì tutù yọ̀yọ̀, wọn kò ní tanná kó tó di ọdún tó ń bọ̀.

"Ewé wọn ni wọ́n fi ń mumi, Mùsíyò," ni Ọyáyẹmí wí. Ó tẹ ọ̀kan wálẹ̀ kí ọkùnrin náà lè rí i bí àwọn ewé ṣe pàdé láàárín bí ife, tí omi òjò dúró síbẹ̀. "Bí ọ̀dà bá bò ó, tó sì kán síbí, á jẹrà."

"Bon, ó dáa. Ọjọ́ kan ni ayẹyẹ. Bó bá jẹrà lọ́jọ́ kejì, kí ló kàn wá?"

"Ó kàn mí."

Ibi tí wọ́n bá ọ̀rọ̀ dé nìyí nígbà tí Ifálérè, bàbá ọmọ náà, ti oko dé. Anicet sáré lọ kí i, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, ó sì fi kún un pé owó tí òun máa san á ra páànù tuntun, á tún ṣẹ́kù. Ifálérè gbójú sókè. Ìjì oṣù tó kọjá ti ṣí páànù orí yàrá ìyàwó rẹ̀, Marthe, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Láti ìgbà náà, bí òjò bá ti ṣú, ọkàn Ifálérè kì í balẹ̀.

"Yẹmí, o gbọ́ ohun tí Mùsíyò wí. Kùn wọ́n."

Ọyáyẹmí kúnlẹ̀. Nílé Ifálérè, ọmọ kì í dúró fèsì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kò kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá. N kò ní kùn wọ́n."

"Ta ló ni ilẹ̀ tí o kúnlẹ̀ sí yẹn?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Ta ló gbẹ́ kànga tí ò ń fa omi rẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà ni."

"Ta ló wá ni òdòdó?"

Ó mí kanlẹ̀. "Èmi ni, Bàbá."

Anicet rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Ifálérè kò rín. "Òjò ń pa ìyá rẹ nínú ilé, koríko ni ìwọ ń ṣàánú. Ó dára. Mùsíyò á padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀. Bó bá fi lọ lọ́wọ́ òfo, mo máa wó àtíbàbà yìí, ẹ̀gẹ́ ni mo sì máa gbìn síbẹ̀."

"Mo gbọ́, Bàbá," ni Ọyáyẹmí wí. Kò dìde títí bàbá rẹ̀ fi wọlé.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó sọ ọ́ fún Samiratou, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, bí wọ́n ṣe jókòó sábẹ́ igi máńgòrò kọlẹ́ẹ̀jì wọn nígbà ìsinmi. Samiratou pòṣé.

"Ọ̀dà lásán! Ṣé wọ́n ní kí o jalè ni? Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ìwọ nìkan lo fẹ́ tún Ifangni ṣe? Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ńkọ́? Òdòdó rẹ wà lábẹ́ báàṣì, ìyá rẹ wà nínú òjò."

Ọ̀rọ̀ yìí gún Ọyáyẹmí lọ́kàn ju ìbínú bàbá rẹ̀ lọ, nítorí òótọ́ wà nínú rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òjò dé. Omi ń dà wọ yàrá Marthe. Ó gbé abọ́ síbí, ó gbé garawa sọ́hùn-ún, ó sì ń gbé ọmọ ọwọ́ rẹ̀ láti igun kan dé èkejì. Kò bá Ọyáyẹmí wí. Kò tilẹ̀ wojú rẹ̀. Bí ó bá bú u ni, ì bá sàn.

Nígbà tí òjò dá, Ọyáyẹmí lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó mú bùròmélíà tútù kan, ó gbọn omi ara rẹ̀ dànù, ó ṣí agolo Anicet, ó sì fọ́n ọ̀dà sí i láti òkè délẹ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ó sún sẹ́yìn, ó wò ó. Ó dára. Ó pupa ju àwọn tó pupa fúnra wọn lọ. Ohun tó dẹ́rù bà á gan-an nìyẹn, pé ó dára, pé èèyàn lè kùn gbogbo wọn kí ilẹ̀ tó ṣú, kí páànù sì dé lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára ìkejì kó tó fi ọmọrí dé agolo náà.

"Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ wo èyí ná," ló sọ fún ara rẹ̀.

Ní àárọ̀ Fúráídè, ó fọwọ́ kan ewé àárín èyí tó kùn. Ewé náà fà jáde wẹ́rẹ́, ìdí rẹ̀ ti di ẹrọ̀fọ̀, ó ń rùn bí ẹja tó bàjẹ́. Ó gbé e bẹ́ẹ̀ lọ bá bàbá rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń se epo.

Kí ẹ mọ̀ pé epo Ifálérè kì í pẹ́ lọ́jà Daagbé. Ọ̀pọ̀ olùpo epo ló ń da aró pupa sínú tiwọn kí ó lè fa ojú mọ́ra, ṣùgbọ́n Ifálérè kò ṣe é rí. Ní ọdún tí ẹyìn kò dára, tí epo rẹ̀ kò sì pọ́n dáadáa, bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbé e lọ sọ́jà.

"Bàbá, ẹ wò ó. Èmi ni mo kùn ún."

Ifálérè wò ó. "Anicet náà mọ̀ pé á kú."

"Ọdún tí epo wa kò pọ́n, ẹ ò da aró sí i."

"Epo ni èèyàn ń jẹ. Ta ló ń jẹ òdòdó?"

"Ojú ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, Bàbá. Ẹ̀tàn kan náà ni."

Ifálérè ro epo inú agbada. "Ọ̀rọ̀ rẹ gbó ju ọjọ́ orí rẹ lọ," ló wí. "Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í bo ilé."

 Ọyáyẹmí padà sílé, ó gbé àkàbà, ó sì tú báàṣì orí àtíbàbà rẹ̀. Ó fà á gorí ilé ìyá rẹ̀, ó nà án láti etí kan dé èkejì, ó fi okùn dè é, ó sì gbé òkúta lé e. Nígbà tí ó sọ̀kalẹ̀, oòrùn ti ń ta sára gbogbo òdòdó rẹ̀. Marthe dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ lọ́wọ́. "Yẹmí," ló wí, ó sì gbé ọmọ padà sínú yàrá náà.

Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti mọ́ ni Anicet dé pẹ̀lú mọ́tò akẹ́rù rẹ̀. Ó wo àwọn òdòdó tútù, ojú rẹ̀ le.

"Pupa mẹ́rìnlá ló wà, Mùsíyò," ni Ọyáyẹmí wí. "Mo lè fi ọmọ ọ̀pẹ mẹ́fà kún un."

"Ọgọ́ta ni mo wí. Gbogbo rẹ̀ tàbí òfo."

"Òfo nìyẹn, Mùsíyò. Agolo yín rèé."

"Ìgbéraga yìí ló máa pa ẹ́," ni Anicet wí. Ó gba agolo, ó pa ilẹ̀kùn mọ́tò dé gbà, ó sì lọ.

Ifálérè gbé ọkọ́ lé èjìká. Ọkùnrin tí kì í yẹhùn ni. Ṣùgbọ́n kó tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀, ọmọ rẹ̀ tún ti kúnlẹ̀.

"Bàbá, ilẹ̀ yín rèé. Àwọn ọ̀pẹ mọ́kànlá tó ti gbó létí ọ̀nà, tí ẹ fẹ́ gé fún ẹmu, ẹ yá mi ní wọn. Níbi tí òdòdó yìí ti wá, ara igi ló ń gbé. Kò nílò ilẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ kàn ń dì mọ́ igi ni, kò ní jẹ ẹ́ lára."

Ifálérè gbójú sókè wo báàṣì orí ilé. "Ọdún kan," ló wí. "Kò gbọdọ̀ fi ọjọ́ kan lé e."

Ọ̀sán mẹ́ta ni Ọyáyẹmí fi so àwọn òdòdó náà mọ́ ara ọ̀pẹ pẹ̀lú okùn ìko. Ní ọjọ́ kejì, Samiratou wá, kò tọrọ àforíjì, ó kàn di àkàbà mú. Àwọn ọlọ́kadà ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ti ń kọjá. "Ọmọ Ifálérè ti ń so oògùn mọ́ ọ̀pẹ!" Oòrùn ti bá àwọn mìíràn jẹ́, mẹ́tàlélógún ló kú. Odidi ìgbà òjò ni báàṣì fi ń dún pàtàpàtà lórí ilé. Fortunée sì mú ìròyìn wá láti Àjàṣẹ́ pé Anicet rí ẹlòmíràn tó kùn ún fún un. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo rẹ̀ ti wà ní ààtàn, kò sì sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Kódà, wọ́n tún pè é sí iṣẹ́ mìíràn. Ìyẹn dun Ọyáyẹmí gan-an. Ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó sì lọ bomi rin òdòdó rẹ̀.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ọdún kejì rọ̀, wọ́n tanná. Àwọn arúgbó ọ̀pẹ mọ́kànlá pupa láti ìdí dé ibi tí ọwọ́ ọmọ náà dé. Takisí tó ń lọ sí Lagbé bẹ̀rẹ̀ sí í rọra rìn bí wọ́n bá dé ibẹ̀. Ọjọ́ kan ni màdáàmù kan sọ̀kalẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì láti Sakété, Ọ̀ṣuntóyè lórúkọ rẹ̀. Ó ní òun ń kó irú òdòdó bẹ́ẹ̀ jọ, òun sì fẹ́ ra ọgbọ̀n.

"Mọ́kàndínlógún ló ti ní gbòǹgbò tó tó, Mà," ni Ọyáyẹmí wí. "Àwọn yòókù ṣì kéré láti já lára ìyá wọn. Ẹ padà wá ní oṣù kẹsàn-án."

"Mọ́tò dúró dè mí, owó wà lọ́wọ́ mi, o ní kí n padà wá?" Ó yíjú sókè sí Ifálérè, tó wà lórí ọ̀pẹ pẹ̀lú igbà nídìí. "Bàbá, ẹ bá mi bá ọmọ yín sọ̀rọ̀."

Ifálérè ṣán ìdì ẹyìn kan, ó já bọ́ sílẹ̀ gbì. "Ohun tó bá wí ni kí ẹ gbọ́, Màdáàmù," ló ké sísàlẹ̀. "Ó mọ̀ wọ́n jù mí lọ."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ra mọ́kàndínlógún, ó sì padà wá ní oṣù kẹsàn-án. Oṣù náà ni páànù tuntun dé orí ilé Marthe. Kò sì sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ nípa gígé àwọn ọ̀pẹ etí ọ̀nà.

Ọ̀dọ́ tó bá ka ìtàn yìí, má retí pé ọjọ́ tí o bá kọ ẹ̀tàn náà ni wọn yóò pàtẹ́wọ́ fún ọ, má sì retí pé ẹlẹ́tàn á kàbùkù lójú rẹ. Anicet ṣì ń wa mọ́tò rẹ̀ kiri. Ṣùgbọ́n bí àìní bá ń ti ọ́ sí ibi tí ọkàn rẹ kò fẹ́, o lè bọ̀wọ̀ fún àgbà, kí o sì kọ̀. Bí o bá sì kọ̀, má káwọ́ lẹ́yìn, kí ẹlòmíràn máa ru ẹrù náà fún ọ. Ẹni tó bá kọ ọ̀nà ẹ̀bùrú gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ la ọ̀nà mìíràn.