Márùn-ún Tí Ẹnjiníà Kà

Ẹnjiníà Andrew Bámigbóyè kì í ṣe ẹnjiníà. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà máa fún un ní ọ̀wọ̀ tí kò tọ́ sí i. Ìwé-ẹ̀rí mẹ́ta ló gbé kọ́ sára ògiri ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní Kàbbà: ọ̀kan jẹ́ ti ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀kan jẹ́ ti ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀kẹta sì jẹ́ ti ìpàdé kan tó lọ jókòó sí ní Ìlọrin. Táì kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ìbáà jẹ́ nínú oòrùn oṣù kẹta. Òun ló sáré wọ àgọ́ ọlọ́pàá ní aago méje òwúrọ̀ Ọjọ́rú kan ní ọdún 2004, tó ń fi gẹ̀ẹ́sì pariwo pé olè ti ja òun.

Ohun tí wọ́n jí kò tóbi ju ìwé orin lọ. Háàdì dísìkì ni, àpótí irin pẹlẹbẹ tí kọ̀ǹpútà ń kó gbogbo ohun tí a bá kọ sí i pamọ́ sí. Ẹnì kan ti tú ara kọ̀ǹpútà kẹta, ó yọ ọ́ níbẹ̀, ó sì dá súkúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà sí àyè wọn wẹ́rẹ́. Ilẹ̀kùn kò fọ́, fèrèsé kò ṣí. Kọ́kọ́rọ́ méjì péré ni ilé náà ní. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ Andrew, èkejì wà lọ́wọ́ Ṣọlápé Lájídé, ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàlélógún tó ń bá a kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Àwọn ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, wọ́n rí táì, wọn kò tún bi ẹnikẹ́ni léèrè nǹkan kan. Kí aago mẹ́jọ tó lù, wọ́n ti lọ mú Ṣọlápé ní ilé ìyá rẹ̀ lójú gbogbo aládùúgbò, wọ́n sì ti tì í mọ́ sẹ́ẹ̀lì. Ohun tí wọ́n ń pè ní ìwádìí nìyẹn. Wọ́n wá jókòó, wọ́n ń mu kókó.

Aago mẹ́wàá ni Inspẹ́kítọ̀ Josiah Olúbọ̀dé tó dé. Ó sùn sílé ní Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, ó sì yẹ kó ti dé ṣáájú, ṣùgbọ́n àwọn oníṣu ọjà Òkè-Apá ló dí ọ̀nà mọ́ ọn. Ọkùnrin tínínrín ni, kì í pariwo, àmọ́ tó bá ti yọ ṣùtì sí ọ lẹ́ẹ̀kan, kó o yáa máa palẹ̀ irọ́ rẹ mọ́. Sájẹ́ẹ̀ntì Ìbítóyè ka ẹjọ́ náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì fi kún un pé ọ̀rọ̀ ti parí, olè ti wà lọ́wọ́.

Inspẹ́kítọ̀ bi í pé ohun tí wọ́n jí ńkọ́, ṣé òun náà ti wà lọ́wọ́. Sájẹ́ẹ̀ntì wo òkè, ó wo ilẹ̀. Inspẹ́kítọ̀ pòṣé, ó sì ní kí wọ́n mú ọmọbìnrin náà wá.

Ṣọlápé kí i ní "Okun, sà", bí wọ́n ṣe ń kíni nílẹ̀ wọn. Inspẹ́kítọ̀ dá a lóhùn, ó fún un ní àga, ó sì ní kó ro ẹjọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń ròyìn fún bàbá arúgbó tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí, nítorí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni òun ṣe jẹ́.

Ó rò ó. Línúkìsì ló wà lórí àwọn kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ náà, ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà, tí agùnbánirọ̀ kan mú wá lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ lè ṣí inú rẹ̀ kà, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe irinṣẹ́ kéékèèké tirẹ̀ sí i. Ṣọlápé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn máa ń jókòó sí igun ojú kọ̀ǹpútà, á máa sọ ọjà abúlé tó bọ́ sí òní, àti èyí tó ń bọ̀. Ìyá rẹ̀ tó ń ná àwọn ọjà oko ló kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn. Ọ́fíìsì kan ní Lọ́kọ́ja gbọ́ nípa rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ ẹ fún àwọn nọ́ọ̀sì tó ń fún ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára, nítorí pé nọ́ọ̀sì tó bá dé abúlé lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, ewúrẹ́ nìkan ni yóò bá nílé. Ọ̀sán ọjọ́ yìí gan-an ni wọ́n ń bọ̀ wá wò ó. Ẹni tó bá ṣe é ni wọ́n máa gbà síṣẹ́.

"Èmi ni mo ṣe é, sà," ni Ṣọlápé wí. "Inú kọ̀ǹpútà kẹta nìkan ló wà. Tí mo bá jí i gbé, kí ni mo fẹ́ fi han àwọn tó ń bọ̀? Tí wọ́n bá wá, tí wọ́n lọ, tí mo ṣì wà níbí, Ẹnjiníà ló ni ín nìyẹn, èmi á sì di olè títí ayé."

Inspẹ́kítọ̀ bi í bóyá ó lè mọ háàdì dísìkì náà tó bá rí i. Ó ní gbogbo wọn jọra lójú, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi í sínú kọ̀ǹpútà, tí òun kọ orúkọ òun àti pásíwọ́ọ̀dù òun, òun nìkan ni kọ̀ǹpútà yóò ṣílẹ̀kùn yàrá òun nínú rẹ̀ fún. Inspẹ́kítọ̀ kọ ìyẹn sínú ìwé rẹ̀.

Nígbà tó dé ilé-ẹ̀kọ́ náà, Ẹnjiníà ti nu gbogbo tábìlì, ó ti to àga, ó ti tú táì, ó sì ti tún un dè. Ó sọ fún Inspẹ́kítọ̀ pé Ṣọlápé kò mọ nǹkan kan, akọ̀wé lásán ni, ohun tí òun bá pè fún un ló ń tẹ̀. Ìlara ló bá a jà, ló fi fẹ́ ba iṣẹ́ oṣù mẹ́fà òun jẹ́. Ọlọ́run ló bá òun ṣe é, òun ní ẹ̀dà kan sórí kọ̀ǹpútà tòun.

"Èwo ni kọ̀ǹpútà tiyín, Ẹnjiníà?"

Andrew fi àtẹ́lẹwọ́ lu kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì rẹ̀ bí ẹni ń lu ẹ̀yìn màlúù tó fẹ́ tà.

"Ṣọlápé náà a máa lò ó?"

"Èyí? Kò tó bẹ́ẹ̀, sà. Láti ọjọ́ tí mo ti rà á, n kò jẹ́ kó fọwọ́ kàn án rí."

Inspẹ́kítọ̀ kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ó wá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun fi irinṣẹ́ náà hàn lórí kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí òun lè fìdí jókòó dáadáa. Andrew ní àwọn ìyókù kò lágbára tó. Wọ́n rí bákan náà, ọdún kan náà ni wọ́n ti ilé-iṣẹ́ jáde, àmọ́ Ẹnjiníà sọ pé wọn kò lágbára tó. Inspẹ́kítọ̀ mi orí bí òmùgọ̀, ó sì rán Sájẹ́ẹ̀ntì kó lọ mú Ṣọlápé wá.

Aago méjìlá ku díẹ̀ ni àlejò dé láti Lọ́kọ́ja. Màdáámù Zipporah Ọláníran ni, obìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ tó gbé fáìlì kan mọ́ àyà. Inú fáìlì náà ni ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ yìí fi ránṣẹ́ sí wọn láti oṣù kìíní wà, èyí tí irinṣẹ́ náà tẹ gbogbo ọjọ́ ọjà ọdún náà sí. Andrew tẹrí ba fún un títí táì rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ó tan kọ̀ǹpútà rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ yọ gàdàgbà lára irinṣẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe é, Ẹnjiníà níwájú, Ẹnjiníà lẹ́yìn.

Ibẹ̀ ni Sájẹ́ẹ̀ntì mú Ṣọlápé wọlé. Andrew yíjú sí ògiri, ó ní òun kò mọ̀ pé olè náà ń bọ̀ níbi ìpàdé àwọn ènìyàn pàtàkì. Màdáámù wo ọmọbìnrin náà, ó sì fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Ṣọlápé rí i. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

Inspẹ́kítọ̀ tọrọ gáfárà. Ó ní ìbéèrè kékeré kan péré ni òun ní, nítorí pé ará oko ni òun. Ọjà Òkè-Apá, ọjọ́ wo ló bọ́ sí?

Andrew tẹ bọ́tìnnì, ó fi ìka gún ojú kọ̀ǹpútà. "Ẹtì tó ń bọ̀ yìí, sà. Ọ̀túnla."

Màdáámù Zipporah wo ìwé rẹ̀, ó gbójú sókè, ó tún wò ó. Ó ní ìwé tòun ní òní ni.

"Òní ni," ni Inspẹ́kítọ̀ wí. "Mo ti ibẹ̀ bọ̀. Oníṣu ló pẹ́ mi."

Ènìyàn tó lóye ì bá dákẹ́ níbẹ̀, kó ní iná ìjọba ló ba kọ̀ǹpútà jẹ́. Ẹnjiníà ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìwé ọwọ́ Màdáámù ló ní àṣìṣe, ó sì ṣí inú irinṣẹ́ náà pé kí gbogbo ayé wá kà á.

"Ẹ wò ó níbí. Ọlọ́jọ́ márùn-ún ni ọjà Òkè-Apá, ọmọ ọwọ́ mọ̀ ọ́n. Mẹ́rin ni wọ́n kọ síbẹ̀. Èmi ni mo tún un ṣe sí márùn-ún lọ́jọ́ Ajé."

"Ta ni 'wọ́n'?" ni Inspẹ́kítọ̀ béèrè.

Andrew gbé ìka kúrò lójú kọ̀ǹpútà.

"Oṣù mẹ́fà lẹ fi dá ṣe é, ẹ ní Ṣọlápé kò mọ nǹkan kan nínú rẹ̀. Ta wá ni 'wọ́n' tó kọ mẹ́rin sínú iṣẹ́ yín?"

Ó ní àṣìṣe ìka ni. Inspẹ́kítọ̀ yọ ṣùtì, ó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè kí Màdáámù lè rí àwọn ìka rẹ̀.

"Wọ́n ná ọjà náà ní Àbámẹ́ta tó kọjá. Àbámẹ́ta, ọ̀kan. Àìkú, méjì. Ajé, mẹ́ta. Ìṣẹ́gun, mẹ́rin. Ọjọ́rú òní, márùn-ún. Ọjọ́ ọjà gan-an la fi ń bẹ̀rẹ̀ kíkà nílẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ṣe ni kọ̀ǹpútà ń ka ìṣísẹ̀ tó máa gbé, ìṣísẹ̀ mẹ́rin ló sì wà láti Àbámẹ́ta dé Ọjọ́rú. Ẹni tó kọ mẹ́rin mọ ọjà, ó sì mọ kọ̀ǹpútà. Ẹni tó yí i sí márùn-ún kò mọ ọ̀kankan. Láti oṣù kìíní ni kọ̀ǹpútà ti ń kà á bọ̀, márùn-ún rẹ yìí sì ń fi ọjọ́ kan ṣìnà lọ́jà kọ̀ọ̀kan, àwọn nọ́ọ̀sì Màdáámù ni ì bá sì máa lọ bá ewúrẹ́."

Ẹ kíyè sí i pé "ẹ" ti di "o" lẹ́nu Inspẹ́kítọ̀. Andrew náà kíyè sí i. Ó tú táì rẹ̀ díẹ̀, ó ní àṣìṣe ìṣirò kì í ṣe olè jíjà, ta ló sì rí òun níbi tí òun ti yọ nǹkan.

Inspẹ́kítọ̀ bi Ṣọlápé bóyá èèyàn lè ṣe ẹ̀dà irinṣẹ́ náà sórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Ó ní ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kò ní ṣiṣẹ́, nítorí irinṣẹ́ kéékèèké mẹ́fà mìíràn ló gbára lé, tí òun tò sínú kọ̀ǹpútà kẹta fúnra òun. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n yóò kó orí lọ, yóò fi ẹsẹ̀ sílẹ̀.

"O gbọ́?" Inspẹ́kítọ̀ kọjú sí Andrew. "O gbìyànjú ẹ̀dà, ó kọ̀. Ìdí nìyí tí o kò fi lè fi hàn mí lórí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìwọ lo ni ilé, o ní pásíwọ́ọ̀dù ọ̀gá tó ń ṣí yàrá gbogbo ènìyàn, o wọlé, o pa orúkọ ọmọlọ́mọ rẹ́. Ṣùgbọ́n o kò mọ bó o ṣe máa gbé iṣẹ́ náà kúrò, lo bá yọ gbogbo ilé, háàdì dísìkì náà fúnra rẹ̀, o sì fi í sínú kọ̀ǹpútà tìrẹ. Ẹni méjì ló ní kọ́kọ́rọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní ẹ̀rí rẹ̀ kan ṣoṣo nínú háàdì dísìkì yẹn, kò lè jí i. Èkejì kò fẹ́ kí ẹ̀rí náà wà." Ó na ọwọ́ sí àga. "Ṣọlápé, jókòó síbẹ̀. Kọ orúkọ rẹ."

Andrew fò dìde, ó ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà òun. Sájẹ́ẹ̀ntì Ìbítóyè fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà sórí àga mìíràn, ọ̀wọ̀ táì ti tán lójú rẹ̀. Ṣọlápé jókòó, ó jáde kúrò nínú yàrá Ẹnjiníà tó wà lórí kọ̀ǹpútà náà. Kọ̀ǹpútà béèrè ta ni. Ó kọ orúkọ rẹ̀, ó kọ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Kò pẹ́ rárá, ojú kọ̀ǹpútà ṣí: iṣẹ́ oṣù mọ́kànlá, lẹ́tà sí agùnbánirọ̀, orúkọ gbogbo ọjà tí ìyá rẹ̀ kà fún un, àti àwòrán ìyá náà pẹ̀lú igbá lórí. Lórí kọ̀ǹpútà tí kò fọwọ́ kàn rí.

Màdáámù Zipporah ti sún báàgì rẹ̀ sẹ́yìn. Ó bẹ Ṣọlápé pé kó má bínú, ó sì ní kó wá sí Lọ́kọ́ja ní Ajé, iṣẹ́ ń dúró dè é. Inspẹ́kítọ̀ ya ojú ewé tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí gẹ́gẹ́ bí olè, ó ya á sí wẹ́wẹ́. Ó ní Sájẹ́ẹ̀ntì fúnra rẹ̀ ni yóò mú un padà sílé, tí yóò sì ṣàlàyé fún àwọn aládùúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ṣọlápé dúpẹ́. Ṣùgbọ́n inú ń bí i, kò sì fi pamọ́.

"Ẹ má tíì dè é, sà. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi pa orúkọ mi rẹ́. Kó fi ọwọ́ yẹn dá a padà."

Inspẹ́kítọ̀ fa àga náà fún Andrew. Ó jókòó. Ó fi ìka méjì pa Ẹnjiníà rẹ́, iwájú àti ẹ̀yìn, ó sì ń wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo. Ó kọ "Solape". Ó gbọ́wọ́ kúrò.

"Orúkọ mi kọ́ nìyẹn," ni Ṣọlápé wí.

Àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà ni kò sí níbẹ̀. Wọn kò ya á sí ara bọ́tìnnì kankan. Bọ́tìnnì méjì lèèyàn máa tẹ̀ pọ̀, irinṣẹ́ kékeré mìíràn tí Ṣọlápé ṣe ni, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ilé náà ló sì mọ̀ ọ́n láti ọ̀sẹ̀ kìíní. Ẹni tó ni ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni kò jókòó ní kíláàsì rí. Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. Òógùn ń kán sórí táì. Sájẹ́ẹ̀ntì mi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ọwọ́ rẹ̀, ó dún ṣẹnṣẹn. Nígbà tó pẹ́, Andrew Bámigbóyè sọ̀rọ̀ láìgbójú sókè, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ fi àmì ìsàlẹ̀ sí?"

Ọdún méjì ni Ṣọlápé fi bá a ṣiṣẹ́, ọjọ́ náà ni Andrew kọ́kọ́ pè é ní "ẹ". Ṣọlápé na ìka sí bọ́tìnnì méjèèjì, ó sì ní kó tẹ̀ wọ́n pọ̀.