Koríko Tó Bo Àbàtà Mọ́lẹ̀

"Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde! Ṣé ìgbà tí oòrùn bá mú tán la fẹ́ lọ ni?"

Ẹnu ọ̀nà ni Adúmáadán ti ń pariwo. Ó ti gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tán, ó fi ẹsẹ̀ kan tilẹ̀. Nínú ilé, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì ń wá ìbọ̀sẹ̀ kejì lábẹ́ àga.

Oníbúrẹ́dì ni ìyàwó yìí. Ìdúró ló fi ń po ìyẹ̀fun, ìdúró ló fi ń ṣọ́ ààrò, orúnkún rẹ̀ sì ti ń ráhùn. Nọ́ọ̀sì ló gbà á nímọ̀ràn ní ilé ìwòsàn àdúgbò: "Mà, ẹsẹ̀ yìí ń fẹ́ kí ẹ máa lò ó síbòmíràn yàtọ̀ sí ìdí ààrò. Ẹ máa gun kẹ̀kẹ́. Kò ní ni orúnkún lára."

Bó ṣe di ẹlẹ́ṣin irin nìyẹn. Àbúrò ọkọ rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, sì di alábàárìn rẹ̀. Aṣọ iléèwé ni ọmọ náà ṣì ń wọ̀ nígbà tí wọ́n gbé ìyàwó wọlé. Ìyàwó kì í pe orúkọ rẹ̀. Nítorí awọ ara rẹ̀ tó dúdú tó ń dán, Adúmáadán ló sọ ọ́. Ọmọ náà ti dàgbà báyìí, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà gíláàsì ojú, ṣùgbọ́n orúkọ ọ̀hún kò kúrò lára rẹ̀.

Igbó kan wà lẹ́yìn àdúgbò wọn, èyí tí ìjọba fi òfin dáàbò bò. Wọ́n la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé sàmì sí lára igi ni ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Kò ní òkè gíga, kò sì ní gbòǹgbò tó ń gbé ni ṣubú. Á gba abẹ́ igi kọjá, á gba etí àbàtà, á gun afárá pákó, á sì tún yọ sẹ́yìn ilé àwọn èèyàn.

"Akoto rẹ ńkọ́?" ni oníbúrẹ́dì bi í nígbà tí wọ́n dé ẹnu géètì igbó náà.

Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ni Adúmáadán gbé akoto kọ́. "Irun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yìí, owó ni mo fi ṣe é o. Orí, ọ̀fẹ́ ni Ọlọ́run fún mi."

"Èyí tí wọ́n fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́ yẹn, kò sí òmíràn lọ́jà o. Dé e."

Adúmáadán rẹ́rìn-ín, ó sì dé e.

Òjò ti rọ̀ lọ́sẹ̀ náà. Ilẹ̀ rọ̀ dẹ̀dẹ̀, ewé ń dán. Wọ́n rọra ń gun kẹ̀kẹ́ lọ, oníbúrẹ́dì níwájú, Adúmáadán lẹ́yìn, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ lórí oníbàárà kan tó ra gíláàsì tán tó ní òun kò rí i mọ́, tó sì jẹ́ pé ojú rẹ̀ ló wà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí kẹ̀kẹ́ fi fẹ́ gbé wọn yà sínú igbó.

Nígbà tí wọ́n dé ibi tí igi ti tán, ojú wọn là sí pápá kan tó tẹ́ bí ẹní. Koríko ibẹ̀ tútù yọ̀yọ̀. Agbo lékeléke dúró sí àárín rẹ̀, funfun báláú.

"Ẹ dúró! Ẹ jẹ́ kí n ya àwòrán wọn."

Adúmáadán ti fi kẹ̀kẹ́ ti igi, ó ti yọ fóònù. Ó kúrò lójú ọ̀nà, ó tẹ koríko. Ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ gbà á. Èyí tó tẹ̀ lé e gbà á. Ó tún sún síwájú. Oníbúrẹ́dì tó ń wò ó rí i tí ilẹ̀ náà mì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ìyẹ̀fun tó wú tí èèyàn fi ìka tẹ̀.

Kí ó tó la ẹnu, Adúmáadán ti rì dé orúnkún.

"Yéè! Bàtà mi!" Ẹ̀rín ni ọmọ náà ń rín. Ó gbìyànjú láti fa ẹsẹ̀ kan yọ. Ẹsẹ̀ kejì wọlé dé itan. Ó tún jà. Ẹrẹ̀ gbà á dé ìbàdí. Fóònù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rì wọnú ẹrẹ̀.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. "Ìyàwó wa," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì ti kéré bí ti ọmọdé, "kò sí ilẹ̀ o. Mi ò tẹ ilẹ̀."

Ara oníbúrẹ́dì kú tipiri. Ibi tí ojú rẹ̀ rí bíi pápá ìṣeré, òun náà ló ń gbé èèyàn mì lójú rẹ̀ yìí? Ìyàlẹ́nu náà dè é mọ́lẹ̀ fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sáré dé etí ibẹ̀, ó na ara, ó di ọwọ́ ọmọ náà mú, ó sì fà á pẹ̀lú gbogbo agbára tó fi ń po ìyẹ̀fun.

"Ẹ̀jìká mi! Ẹ ti fẹ́ yọ ọ́!"

Bó ṣe ń fà ni ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà ń yọ̀ wọlé. Ó fọwọ́ wá fóònù lápò. Kò sí níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ààrò ló fi í sí nílé. Wọn ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni ọ̀nà tí wọ́n máa gbà. Ó la ẹnu, ó sì figbe ta: "Ẹ gbà wá o! Ẹ̀yin èèyàn, ẹ gbà wá!"

Ọlọ́run bá wọn ṣe é. Ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ igbó, obìnrin kan tó wọ bàtà gígùn dé orúnkún, ń kan pákó tó ṣí lórí afárá lẹ́yìn kọ́nà. Ó sáré yọ sí wọn, òòlù lọ́wọ́, okùn léjìká.

"Ẹ fi í sílẹ̀, mà! Ẹ padà sójú ọ̀nà!"

Oníbúrẹ́dì rò pé etí òun ló ń tan òun jẹ. "Kí n fi ta ni sílẹ̀? Àbúrò ọkọ mi ni!"

"Bí ẹ bá ń fà á báyìí, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa rì. Ẹ padà sẹ́yìn." Ó yíjú sí Adúmáadán. "Ọmọ mi, wò mí. Má jà mọ́. Sùn sẹ́yìn, bí ẹni tó fẹ́ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì. Ya apá rẹ."

"Màá rì!"

"O ò ní rì. Ìnàró tó o nàró ló ń mú ọ lọ ìsàlẹ̀. Sùn."

Adúmáadán dijú, ó sì sùn sẹ́yìn. Ẹrẹ̀ gbà á ní ẹ̀yìn, àmọ́ kò lọ sísàlẹ̀ mọ́. Ẹ̀ṣọ́ náà gbé kẹ̀kẹ́ méjèèjì, ó tẹ́ wọn sórí koríko bí àtẹ̀gùn, ó dọ̀bálẹ̀ sórí wọn, ó sì na okùn sí i.

"Dì í mú, má fà á. Rọra mi ẹsẹ̀ ọ̀tún. Díẹ̀díẹ̀, kí omi lè wọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ti ń tú. Ó dáa. Ó kan tòsì."

Ó pẹ́. Lójú oníbúrẹ́dì, ó pẹ́ ju kí búrẹ́dì jinná lọ. Ẹrẹ̀ pariwo bí ẹni pé kò fẹ́ jọ̀wọ́ ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀. Níkẹyìn, Adúmáadán yọ jáde láìsí bàtà, ó fi ikùn wọ́ gorí kẹ̀kẹ́, ó sì bọ́ sójú ọ̀nà. Oníbúrẹ́dì gbá a mọ́ra.

"Kí ló dé tí ẹ yà síbẹ̀?" ni ẹ̀ṣọ́ náà bi wọ́n. "Orí omi ni koríko yẹn ń hù. Gbòǹgbò ló so kọ́ra bí ẹní. Ẹyẹ lè dúró lé e. Èèyàn ò lè dúró lé e. Ẹ ò rí pátákó ni?"

"Pátákó wo?"

Ẹ̀ṣọ́ náà wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Igi méjì wà nínú ilẹ̀, ìṣó ṣì wà lórí wọn. Kò sí nǹkan kan láàárín wọn. Obìnrin náà gbọn orí.

"Wọ́n ti tún gbé e lọ. Pákó gidi ni, wọ́n á fi ṣe ìlẹ̀kùn ilé adìyẹ."

"Èèyàn wo ló máa ṣe irú ìyẹn?" ni oníbúrẹ́dì fi ìbínú wí. "Ẹni burúkú gbáà!"

Nígbà tí wọ́n dé ilé, ọkọ rẹ̀ ń to búrẹ́dì nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó rí àbúrò rẹ̀ tí ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ lára, àwo bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ló ṣe yín? Ta ló lù yín?"

Oníbúrẹ́dì rò fún un, láti orí lékeléke dé orí okùn. Ọkùnrin náà ń ṣe háà, ó ń di orí mú. Ṣùgbọ́n nígbà tó dórí igi méjì tí kò sí pátákó láàárín wọn, ọkọ rẹ̀ kò ṣe háà mọ́. Ó jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun.

"Ọkọ mi, ṣé kò sí o?"

Ọkùnrin náà dìde, ó lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí wọ́n ti ń jẹ́ kí búrẹ́dì tutù. Ó kó gbogbo búrẹ́dì kúrò lórí pèpéle tuntun tó ṣe. Ó tú pákó rẹ̀, ó sì yí i padà.

Lẹ́tà pupa gàdàgbà ló wà lábẹ́ rẹ̀: ÀBÀTÀ JÍJÌN. MÁ KÚRÒ LÓJÚ Ọ̀NÀ.

Oníbúrẹ́dì di ògiri mú. Orí pèpéle yìí ló ń to búrẹ́dì sí láràárọ̀! Òun ló sì pe ẹni tó gbé e ní ẹni burúkú nínú igbó.

"Ilẹ̀ ni mo ti rí i," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Ìjì ló já a bọ́ lára igi. Mo ní kí pákó tó dáa tó báyìí má jẹrà."

Adúmáadán ló béèrè, pẹ̀lú ẹrẹ̀ ní ìpéǹpéjú: "Bọ̀dá mi, ṣé ẹ kà á?"

Ọkùnrin náà kò lè wo ojú rẹ̀. "Mo kà á. Mo ní ọ̀nà ìrọ̀rùn ni, ta ló máa yà kúrò níbẹ̀?"

Adúmáadán kò bú u. Ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì sunkún fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà gbé pátákó náà lórí gba àárín àdúgbò kọjá, kò sì fi aṣọ bò ó. Ẹ̀ṣọ́ igbó kò pariwo mọ́ ọn. Ó ní, "Ẹ mú ìṣó wá?" Ó ti mú un wá. Nígbà tí wọ́n kàn án tán, obìnrin náà wí pé, "Òfin lè mú yín. Ṣùgbọ́n ohun tó máa wúlò jù ni kí ẹ lọ sọ ọ́ nípàdé àdúgbò, lẹ́nu ara yín."

Ó sọ ọ́. Kí ó tó jókòó, bàbá kan tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́ dìde, ó jáde. Nígbà tó padà dé, pátákó ló gbé há abíyá: AFÁRÁ TI BÀJẸ́. Ẹnu ya gbogbo ìjókòó. Ìyàwó rẹ̀ sì kígbe pé, "Ṣé ìyẹn náà ló wà lẹ́yìn ilé wa láti ọjọ́ yìí?"

Ẹ̀yin ará wa, ọ̀nà tó rọrùn kì í ṣe ọ̀nà tí kò léwu. Bí ẹ bá ń gun kẹ̀kẹ́ nínú igbó, ẹ dé akoto, ẹ mú fóònù lọ́wọ́, kí ẹ sì sọ ọ̀nà tí ẹ máa gbà fún ará ilé. Ẹ má kúrò lójú ọ̀nà nítorí àwòrán tàbí àbùjá, àgàgà lẹ́yìn òjò. Koríko tó tẹ́ létí omi lè má ní ilẹ̀ lábẹ́. Bí ẹrẹ̀ bá mú yín, ẹ má jà: ẹ sùn sẹ́yìn, ẹ ya apá, ẹ máa rọra mi ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹlòmíràn ló kó sí i, ẹ dúró sórí ilẹ̀ tó le, ẹ pe ẹ̀ṣọ́, ẹ tẹ́ pákó, igi tàbí kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ fún un, ẹ má sì fà á tipátipá.

Bí ẹ bá sì rí pátákó ìkìlọ̀ tó ṣubú, ẹ gbé e dìde, kí ẹ sì fi tó ẹ̀ṣọ́ létí. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, tó yẹ kó kà á, lè jẹ́ ọmọ ìyá yín.