Òkúta Mẹ́ta ní Oríta

"Títí di ìgbà wo ni mo máa fi máa wọ́ ẹsẹ̀ tẹ̀lé Jẹ́jẹ́, sà?" Ehoro bi tíṣà wọn. Ó ju báàgì rẹ̀ sílẹ̀ gbì.

Ọjọ́ kẹrin ìrìn ọlọ́jọ́ márùn-ún ni. Etíkun ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ti gbéra. Wọ́n ti rin iyanrìn títí ó fi sú wọn, wọ́n ti gba orí afárá onípákó kọjá irà tí omi òkun máa ń kún wọ̀, wọ́n sì ti wá ń gun òkè báyìí. Òfin tíṣà ni pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá ni kó máa ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣẹ́ kù sẹ́yìn. Ẹni ọ̀hún ni Jẹ́jẹ́, àbúrò Ehoro, ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Báyìí ni Ehoro, tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ torí pé kò sí ẹni tó ń bá a du ipò kìíní nínú eré sísá, ṣe wá di ẹni tó ń wo ẹ̀yìn báàgì àbúrò rẹ̀ fún odindi ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá wọn tó jẹ́ aránṣọ ló rán báàgì náà, ó sì ti kìlọ̀ fún Ehoro kí wọ́n tó kúrò nílé pé, "Má fi àbúrò rẹ sílẹ̀ o."

Jẹ́jẹ́ mu omi, ó nu ẹnu. "Àǹtí mi, gbogbo eré tí ẹ fẹ́ sá yìí, ta ló ń lé yín?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Ehoro débi pé etí rẹ̀ gbóná.

Tíṣà ń fi báńdéèjì di gìgísẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí bàtà ti bó. Àròyé Ehoro ti sú u. "Ó dáa, gba máàpù, máa lọ. Ilé ìsinmi ò jìnnà mọ́. Ṣùgbọ́n tó o bá ti dé oríta, to òkúta mẹ́ta sí ọ̀nà tá a máa gbà. Òkúta yẹn ni àwọn tó ń bọ̀ máa wò."

"Mo ti gbọ́, sà."

Ní oríta, ọ̀nà òsì ń gun òkè lọ, ti ọ̀tún ń sọ̀ kalẹ̀ padà sí irà. Ehoro to òkúta mẹ́ta sí apá òsì bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Ó ti fẹ́ máa lọ nígbà tí ẹ̀rín yẹn tún dún létí rẹ̀. Ta ló ń lé yín? "Kí Jẹ́jẹ́ wá ọ̀nà fúnra rẹ̀," ló wí, ó sì fi ẹsẹ̀ ta òkúta náà ká. Ọ̀kan yí lọ sí apá ọ̀tún. Ó rí i, kò sì padà lọ mú un.

Òun ló kọ́kọ́ dé ilé ìsinmi lóòótọ́. Ó ti wẹ̀, ó ti jẹun, kí tíṣà àti àwọn yòókù tó dé.

"Òkúta dà?" ni tíṣà kọ́kọ́ sọ. "Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo mọ ọ̀nà yìí tẹ́lẹ̀."

"Mo tò ó, sà. Bóyá ewúrẹ́ ló tú u ká."

"Àbúrò rẹ ńkọ́?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ jọ ń bọ̀."

"Ó ti gbéra ṣáájú wa. Ó ní òun ò fẹ́ dá ẹnikẹ́ni dúró."

Ehoro dìde. "Èmi ni mo fi ẹsẹ̀ tú u ká, sà. Ọ̀kan yí lọ sọ́nà irà."

Tíṣà kò lù ú, kò sì bú u. Ó mú okùn, ó sì sáré jáde. Ehoro tẹ̀ lé e. Kò sáré tó báyìí rí láyé rẹ̀, síbẹ̀ ó ń ṣe é bíi pé ojú kan náà ló wà.

Omi òkun ti ń kún wọ irà nígbà tí wọ́n débẹ̀. Ẹrẹ̀ ti mu Jẹ́jẹ́ dé itan, bàtà rẹ̀ kan ti rì, ó sì gbé báàgì tí ìyá wọn rán lé orí kó má baà tutù. Okùn ni tíṣà fi fà á jáde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ti wú.

"Mo rí òkúta kan lápá ibí," Jẹ́jẹ́ sọ, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. "Mo rò pé ẹ̀ ń kánjú, pé ẹ ò ráyè to méjì yòókù."

"Mẹ́ta ni mo tò. Èmi náà ni mo ta á dànù," Ehoro dáhùn.

Jẹ́jẹ́ kò sunkún. Ó kàn gba báàgì rẹ̀ lọ́wọ́ Ehoro tó fẹ́ bá a gbé e.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, tíṣà ní Ehoro náà ni yóò tún to òkúta. Nígbà tó dé oríta àkọ́kọ́, ó kúnlẹ̀, ó to mẹ́ta, ó sì tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ ilẹ̀ kí ó lè dúró dáadáa. Jẹ́jẹ́ fi sálúbàtà tó yá tiro débẹ̀. Ó wo òkúta, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò pè é ní Àǹtí mi. Ó yíjú sẹ́yìn.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ọ̀nà ibí ni lóòótọ́?"

Ehoro kò lè bínú. Ó ti wá yé e pé ohun tí èèyàn fi ìbínú ìṣẹ́jú kan bà jẹ́, ó lè fi ọ̀pọ̀ oṣù tún un ṣe. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta rẹ̀ títí ẹni tó kẹ́yìn fi kọjá.