Mọ́tò Pupa Tí Kúnmi Tà

Ìwé mọ́tò dé láàárọ̀ Sátidé, ni Akínrẹ̀mí bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó ní pálọ̀. Ó gbé ìwé náà síwájú Kúnmi, ọmọ rẹ̀.

"Kà á sókè, jẹ́ kí n gbọ́."

Kúnmi kà á. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé mọ́tò náà ti ní ìjàǹbá rí, àwọn adójútòfò sì ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó tún un ṣe. Nígbà tí Akínrẹ̀mí rà á, iwájú rẹ̀ ti run wómúwómú. Gbogbo ìgbà òtútù ni òun àti Kúnmi fi tún un ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn àdúgbò Gascoigne ní Barking, nílùú òyìnbó, níbi tí wọ́n ti ń wó ilé àtijọ́ kọ́ tuntun. Wọ́n na irin rẹ̀ tó tẹ̀, wọ́n kun ún ní pupa, wọ́n gbé e lọ fún àyẹ̀wò, ó sì yege.

"Ẹni yòówù tó bá wá wò ó," ni Akínrẹ̀mí wí, "kó tó ṣílẹ̀kùn ẹ̀ rárá, sọ fún un pé ó ti ní àsídẹ́ǹtì rí. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Dad."

Akínrẹ̀mí lọ síbi iṣẹ́. Bọ́ọ̀sì ló ń wà. Kò pẹ́ tó lọ ni aago ẹnu ọ̀nà dún. Ìyá Moṣọpẹ́ ni, obìnrin tó ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó láti ilé dé ilé, tí wọ́n jọ ń lọ ìjọ Aládùúrà kan náà. Èyí tó wá burú níbẹ̀ ni pé Moṣọpẹ́ tẹ̀ lé e. Kíláàsì kan náà ni òun àti Kúnmi wà. Moṣọpẹ́ ló sọ Akínrẹ̀mí lórúkọ "Scrap Man", ìyẹn ẹni tó ń kó irin àlòkù, lọ́jọ́ tó rí i tó ń wọ́ mọ́tò tó ti run kọjá níwájú ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Kúnmi náà bá wọn rín in, bí ẹni pé kì í ṣe bàbá tó bí i ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìyá Moṣọpẹ́ yí mọ́tò náà po. "Ọmọ mi, ó mà dáa o. Kò tíì forí sọ nǹkan rí, àbí?"

Kúnmi rí Moṣọpẹ́ tó ń wo òun, tí ẹ̀rín ti wà létè rẹ̀.

"Rárá, mà. Obìnrin kan ló ń wà á tẹ́lẹ̀, ọjà nìkan ló ń gbé e lọ."

Irọ́ ọ̀hún yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ débi pé ẹ̀rù ara rẹ̀ bà á.

"Mi ò tiẹ̀ ní wo ìwé," ni Ìyá Moṣọpẹ́ wí. "Ṣé a kì í ṣe ọmọ ìjọ kan náà ni?"

Nígbà tí Akínrẹ̀mí dé, ó bi í, "Ṣé o sọ fún wọn?"

"Mo sọ, Dad."

Bó ṣe gbé kọ́kọ́rọ́ lọ fún obìnrin náà nìyẹn.

Láti ọjọ́ yẹn, bí Kúnmi bá ń lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin ní Upney, Ìyá Moṣọpẹ́ á wa mọ́tò kọjá, á fun fèrè, á juwọ́ sí i. Gbogbo mọ́tò pupa tó wà ní Barking ló ń já a láyà.

Nínú ìjọ wọn, wọn kì í wa mọ́tò lásán láì gbé e wá fún ìyàsímímọ́, ẹni tó tà á ló sì máa ń gbé omi àdúrà dání. Lọ́jọ́ Àìkú, wòlíì ìjọ pe Kúnmi. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò nínú sùtánà funfun, láì wọ bàtà, ó gbé abọ́ omi dání. Ìyá Moṣọpẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rí rẹ̀.

"Ẹ bá mi yin Olúwa! Nígbà tí àwọn inṣọ́ránsì bi mí lórí fóònù bóyá mọ́tò yìí ti ní àsídẹ́ǹtì rí, mo ní rárá o! Mo ní ọmọ tó bẹ̀rù Ọlọ́run ló tà á fún mi!"

Omi dà sí Kúnmi lẹ́sẹ̀. Ṣé òun ti wá fi irọ́ òun sí obìnrin yìí lẹ́nu nìyí? Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, àwọn adójútòfò ò ní san kọ́bọ̀. Obìnrin náà ni wọ́n máa pè ní òpùrọ́. Láìsí mọ́tò, báwo ló ṣe máa dé ọ̀dọ̀ àwọn arúgbó rẹ̀?

"Wòlíì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró." Kúnmi ló sọ̀rọ̀. "Mo purọ́ ni. Mọ́tò yìí ti ní àsídẹ́ǹtì rí. Dad ní kí n sọ, mi ò sọ. Ojú ló ń tì mí."

Akínrẹ̀mí ò wo ọmọ rẹ̀. Ó rìn lọ síwájú Ìyá Moṣọpẹ́, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tútù náà, tòun ti aṣọ funfun rẹ̀. Ìyá Moṣọpẹ́ kéré sí i lọ́jọ́ orí dáadáa. Kúnmi ò rí i rí kí bàbá rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó jù lọ, ló bá bú sẹ́kún.

"Ẹ dìde, sà," ni Ìyá Moṣọpẹ́ wí. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sí i lọ́wọ́. "Mọ́tò yín dára. Ẹnu tí wọ́n fi tà á fún mi ni mi ò fẹ́."

Bọ́ọ̀sì ni Ìyá Moṣọpẹ́ ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Nígbà tó di Sátidé, ó tún wá tẹ aago, Moṣọpẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Mo wá ra mọ́tò," ló wí, bí ẹni tí kò rí i rí. "Kò tíì forí sọ nǹkan rí, àbí?"

"Ó ti forí sọ nǹkan rí, mà. Gbogbo iwájú ẹ̀ ló run. Dad mi ló tún un ṣe, èmi náà sì bá wọn ṣe é. Ìwé ẹ̀ rèé."

Ó ṣí iwájú mọ́tò, ó fi ibi tí wọ́n ti na irin hàn wọ́n. Moṣọpẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó títí.

"Swear down? Lóòótọ́? Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ṣe gbogbo èyí?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ẹ̀rín yìí gan-an ló mú kí Kúnmi purọ́! Ìyá Moṣọpẹ́ ka ìwé náà tán, ó pe àwọn inṣọ́ránsì, ó sọ òtítọ́ fún wọn, ó sì ní òun á rà á.

Akínrẹ̀mí mú kọ́kọ́rọ́ jáde, ṣùgbọ́n kò tíì gbé e fún un. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé ọmọ mi sọ fún yín?"

"Ó sọ fún mi."

Títí di òní, kò sí ẹni tó ra mọ́tò lọ́wọ́ Akínrẹ̀mí tí kò bi ní ìbéèrè yìí lójú Kúnmi. Kò pariwo mọ́ ọn, kò sì bú u. Ìbéèrè náà ló ń dun Kúnmi. Kúnmi ti wá mọ̀ pé irọ́ tí òun pa kí ojú má bàa ti òun ló kó ìtìjú ńlá bá òun àti bàbá òun. Mọ́tò tó bàjẹ́ ṣe é tún ṣe, ìjọba á sì fún un ní ìwé tuntun. Ṣùgbọ́n kò sí ọ́fíìsì tó ń fúnni ní ìwé tuntun lórí ìgbẹ́kẹ̀lé bàbá ẹni. Díẹ̀díẹ̀ lèèyàn máa fi òtítọ́ gbà á padà.