Nọ́ńbà Tí Àlájà Ṣùkúrátù Fún Afinimọ̀nà

Ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, ní ojú ọ̀nà tóóró tí ọ̀kadà kì í yé fọn fèrè, ni ṣọ́ọ̀bù àdìrẹ Àlájà Ṣùkúrátù wà. Tẹ́lẹ̀, òun àti ọkọ rẹ̀, Àlàájì Láwàlì, ló máa ń jókòó síwájú rẹ̀. Láti ìgbà tí Àlàájì ti kú, òun nìkan ló ń ṣílẹ̀kùn, òun nìkan ló ń tì í.

"Àlájà, ẹ kú ọjà o!"

"A kú u o."

"Ilé ńkọ́?"

"Ilé wà."

Ilé wà lóòótọ́. Ìjẹmọ̀ ló wà, àmọ́ kò sí ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ mọ́ àyàfi òun. Usamah, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ń gbé ní Ọ̀tà, ó sì ń ti ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Ìkẹjà lójoojúmọ́. Ọjọ́ ìsinmi ló máa ń ráyè pè.

"Màámi, ṣé dáadáa lẹ wà? Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí nǹkan, ọmọ mi."

Ọ̀rọ̀ á sì tán. Lóòótọ́, kò sí nǹkan. Kò sí nǹkan kan rárá nínú ilé náà.

Ohun kan wà tí Àlájà kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Fóònù Àlàájì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń ṣáájì rẹ̀, ó sì ń ra káàdì sí i kí láìnì náà má bàa kú. Nígbà tí Àlàájì ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, àwọn oníbàárà tí kò tíì gbọ́ máa ń pè é. Àlájà á gbé e, á sì ròyìn fún wọn. Nígbà tó yá, gbogbo wọn ti gbọ́. Fóònù náà kò dún mọ́.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mosúnmọ́lá wá ra àdìrẹ. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ki bíi ti sójà.

"Irú iṣẹ́ wo lò ń ṣe tó o fi wọ bàtà báyìí?" Àlájà bi í léèrè.

"Afinimọ̀nà ni mí, mà. A máa ń kó èèyàn jọ lọ wo igbó ńlá, àwọn ọgbà igbó tí ìjọba dá sí. A ó gbéra ní Abẹ́òkúta, a ó kọjá sí ìhà Ìjẹ̀bú, a ó tún lọ síwájú. Inú àgọ́ la máa ń sùn. Àwọn àgbàlagbà náà máa ń bá wa lọ."

"Ṣé ariwo máa ń wà níbẹ̀?"

Mosúnmọ́lá rò pé ìdákẹ́jẹ́ ni obìnrin náà ń wá. "Rárá, mà. Ẹyẹ nìkan lẹ máa gbọ́."

"Kì í ṣe ohun tí mo ń bèèrè nìyẹn. Mo ní, bó bá di ìrọ̀lẹ́, ṣé ẹ máa ń bára yín sọ̀rọ̀?"

"Háà, a máa ń sọ̀rọ̀, mà! A máa ń jókòó yí iná ká ni, títí oorun á fi máa kùn wá."

Ọjọ́ náà ni Àlájà Ṣùkúrátù sanwó.

Kò sọ fún Usamah. Ó mọ̀ pé ọmọ náà á ní ẹ̀jẹ̀ ríru òun kò gba irú ìrìn bẹ́ẹ̀, kò sì fẹ́ dà á láàmú. Nígbà tó ń tilẹ̀kùn ilé, Àfúsá tí wọ́n jọ fi ògiri pààlà rí i pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́.

"Àlájà, ọ̀dọ̀ Usamah lẹ forí lé?"

Àlájà kàn rẹ́rìn-ín. "A ó padà bá yín láyọ̀ o, ní àṣẹ Ọlọ́run."

Kí bọ́ọ̀sì tó gbéra, Mosúnmọ́lá lọ bá olúkúlùkù. "Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà ta ni ká pè nílé yín bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀?"

Ẹnìkan pe ti ọkọ rẹ̀, ẹnìkan pe ti ọmọ rẹ̀. Nígbà tó kan Àlájà, nọ́ńbà kan ṣoṣo tó mọ̀ sórí ló bọ́ sí i lẹ́nu. Kó tó rò ó, ó ti pè é tán.

"Ta ló ni ín, mà?"

"Ọkọ mi ni."

Kì í ṣe irọ́ lójú tirẹ̀. Ṣé ẹlòmíràn ló ni ín ni?

"Ṣé àìsàn kankan wà tó yẹ ká mọ̀ sí?"

"Kò sí o. Ara mi le." Bẹ́ẹ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà nísàlẹ̀ báàgì rẹ̀.

Mosúnmọ́lá wá fún olúkúlùkù ní fèrè kékeré, irú èyí tí rẹfirí fi ń darí bọ́ọ̀lù. "Ẹ gbé e kọ́rùn," ló wí. "Kí ẹnikẹ́ni má dá rìn o. Méjì-méjì ni. Bí ẹ bá fẹ́ yà kúrò lọ́nà, ì báà jẹ́ ìtọ̀ lẹ fẹ́ tọ̀, ẹ sọ fún ẹnìkejì yín. Bí ẹ bá wò yíká tí ẹ ò rí wa mọ́, ẹ dúró sójú kan! Ẹ má wá wa. Àwa la máa wá yín. Ẹ fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ sinmi, kí ẹ tún fọn ọ́n. Bí kò bá sí fèrè, ẹ wá igi ńlá tí gbòǹgbò rẹ̀ yọ síta bí ògiri, kí ẹ fi kùmọ̀ lù ú. Ó máa ń dún jìnnà."

Fèrè? Nǹkan ọmọdé. Àlájà sọ tirẹ̀ sínú báàgì.

Ìrìn-àjò náà dùn ní ọgbà àkọ́kọ́. Wọ́n rí ọ̀bọ, wọ́n rí labalábá tó tóbi bí àtẹ́lẹwọ́. Nírọ̀lẹ́, wọ́n yí iná ká bí Mosúnmọ́lá ti wí. Ṣùgbọ́n olúkúlùkù ló bá ẹnìkan wá. Tọkọtaya wà níbẹ̀, ọ̀rẹ́ àti ọ̀rẹ́ wà níbẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn láàárín ara wọn ni wọ́n ń ṣe, wọ́n á rẹ́rìn-ín, Àlájà náà á rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tí wọ́n ń rín.

Beatrice, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì láti Òwu, ló bá a pín àgọ́. Òun pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ ló wá. "Àlájà, ẹ̀yin náà ẹ sọ tiyín," ni Beatrice wí.

"Mo ń gbọ́ yín," ni Àlájà dáhùn.

Beatrice rò pé obìnrin náà fẹ́ dá wà. Ó fi í sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì ń pín ara wọn ní méjì-méjì fún ìrìn, Àlájà ló ṣẹ́kù.

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu," ló wí. "Ẹ̀yìn ni n ó máa bọ̀."

Ojú àgbà ń ti Mosúnmọ́lá. Kò bá a jiyàn.

Ní ọgbà kejì, lẹ́yìn tí oòrùn ti yẹ àtàrí, wọ́n ń tọ ipa ọ̀nà kan lọ nínú igbó. Bí Àlájà ṣe gbójú sókè, ó rí ewé kan tó ń fà mọ́ igi. Èlú ni! Èlú tí ìyá Àlàájì Láwàlì máa ń gún, tó máa ń ṣù, tó máa ń rẹ sínú ìkòkò aró nígbà tí Àlájà ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ọkọ. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti rí i lórí ìtàkùn. Ó yà, ó já ewé kan, ó fi í rá ọwọ́. Ó rí òmíràn níwájú. Ó lọ síbẹ̀. Òmíràn tún wà.

"Baba Usamah, ẹ wá wo..."

Ó bojú wẹ̀yìn. Kò sí Baba Usamah. Kò sí ẹnikẹ́ni. Kò tilẹ̀ sí ọ̀nà mọ́.

Ẹ̀rù bà á, ó sì ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe: ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó ń yára, ó ń pariwo, "Mosún! Mosúnmọ́lá!" Ó yọ fóònù tirẹ̀, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó tẹ̀ síwájú títí ó fi dé etí odò kékeré kan tí wọn kò gbà kọjá nígbà tí wọ́n ń bọ̀. Ibẹ̀ ló ti yọ̀ ṣubú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́.

Ó fẹ̀yìn ti igi, ó ń mí gúlegúle. Ó ronú pé, ta ló mọ̀ pé mo wà níhìn-ín? Usamah rò pé ilé ni mo wà. Àfúsá rò pé ọ̀dọ̀ Usamah ni mo wà. Àwọn tá a jọ wá rò pé mo fẹ́ dá wà. Ẹni tí mo ní kí wọ́n pè wà lábẹ́ ilẹ̀.

Ní ibùdó, wọn kò tètè fura. Nígbà tí Mosúnmọ́lá rí i pé Àlájà kò bá wọn dé, ẹnìkan ní òun rí obìnrin kan tó wọ ìborùn tó gun ọ̀kadà lọ sí ẹnu ọ̀nà ọgbà.

"Àárẹ̀ ti mú wọn ni," ló wí. "Wọ́n ti lọ sílé."

Mosúnmọ́lá pe fóònù Àlájà. Kò wọlé. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n pe ọkọ wọn, kí n mọ̀ bóyá ilé ni wọ́n forí lé."

Ó tẹ nọ́ńbà náà. Ohùn kan dún láti inú àgọ́.

Gbogbo wọn wo ara wọn. Beatrice wọlé, ó tú báàgì Àlájà, ó sì mú fóònù kan tó ń dún jáde. Àwòrán ọkùnrin arúgbó kan tó dé fìlà wà lójú rẹ̀.

"Àwọn ló gbé fóònù ọkọ wọn dání?" Mosúnmọ́lá bèèrè.

Beatrice wo àwòrán náà títí. "Opó ni," ló wí jẹ́jẹ́. "A jọ sùn nínú àgọ́ kan, n ò bi wọ́n."

Wọ́n wá inú fóònù náà, wọ́n rí orúkọ kan: Ọmọ mi Usamah. Mosúnmọ́lá tẹ̀ ẹ́.

Ní Ìkẹjà, fóònù Usamah dún lórí tábìlì. Ó wò ó. "Bàámi" ló hàn níbẹ̀. Ó dìde dúró. Ó gbé e sétí.

"Ẹ ǹlẹ́ o. Ṣé Usamah ni?"

"Ta nìyẹn? Ta ló ń fi fóònù bàbá mi pè?"

Mosúnmọ́lá ṣàlàyé. Ọkàn Usamah kò balẹ̀ rárá. "Igbó wo? Ilé ni màámi wà! Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru o. Ṣé oògùn wọn wà lọ́wọ́ wọn?"

Oògùn náà wà nínú báàgì tí Beatrice gbé dání. Fèrè náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Usamah pe Àfúsá ní Ìjẹmọ̀.

"Ilẹ̀kùn wọn ṣì wà ní títì," ni Àfúsá wí. "Mo rò pé ọ̀dọ̀ rẹ ni wọ́n wà!"

"Èmi náà rò pé ilé ni wọ́n wà."

Ìgbà náà ló tó dájú pé inú igbó ni Àlájà wà. Mosúnmọ́lá ké sí àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà, wọ́n sì padà sójú ọ̀nà tí wọ́n tọ̀ lọ́sàn-án. Oòrùn ti ń wọ̀.

Létí odò, Àlájà ti dákẹ́ ariwo, nítorí ohùn rẹ̀ ti há. Ó wá rántí ọ̀rọ̀ gbòǹgbò igi. Àràbà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wọ́ lọ síbẹ̀, ó mú igi, ó lù ú lẹ́ẹ̀mẹta. Gbìn! Gbìn! Gbìn! Kò fi bẹ́ẹ̀ gbà pé ẹnikẹ́ni á gbọ́, ṣùgbọ́n ìró náà sàn ju ìdákẹ́jẹ́ lọ. Ó sinmi, ó tún lù ú. Ọwọ́ rẹ̀ bó, kò dúró.

Ìgbà tó yá, fèrè dáhùn láti òkèèrè. Lẹ́ẹ̀mẹta.

Nígbà tí wọ́n gbé e dé ibùdó, tí wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀, tó sì ti lo oògùn rẹ̀, Mosúnmọ́lá kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Màmá, ẹ forí jì mí. Ó yẹ kí n ti pe nọ́ńbà yẹn wò ní Abẹ́òkúta kí bọ́ọ̀sì tó gbéra. Kò sì yẹ kí n gbà kí ẹ dá wà lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n màmá, a ò bèèrè nọ́ńbà nítorí àtiṣe òfófó. Ẹni tó wà nílé ló máa sọ fún wa bóyá ẹ ti délé tàbí ẹ ò tíì délé. Òun ló máa sọ àìsàn tí ẹ ní, oògùn tí ẹ ń lò. Nítorí pé a ò rí ẹni bi, a ò tètè wá yín."

Àlájà mi orí. "Nọ́ńbà yẹn nìkan ló wà lórí mi, ọmọ mi."

Usamah dé ibùdó pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó di ìyá rẹ̀ mú, kò tètè fi í sílẹ̀.

"Màámi, ẹ ẹ̀ sọ fún mi."

"Mi ò fẹ́ dà ọ́ láàmú."

"Mo máa ń bi yín pé ṣé kò sí nǹkan. Ẹ máa ń ní kò sí nǹkan."

"Ìwọ náà mọ̀ pé nǹkan wà, Usamah."

Ọmọ náà dì í mú títí dé ìdí ọkọ̀. Wọ́n jókòó sínú ọkọ̀. Kó tó ṣáná sí i, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́ nọ́ńbà mi sórí." Ó ń pè é díẹ̀díẹ̀, ìyá rẹ̀ ń pè é tẹ̀ lé e bí ọmọ ilé kéwú. Ó ṣì í, wọ́n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ó tún ṣì í. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn wa, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí èèyàn lọ wo igbó. Ẹ lọ, ó dára fún ara àti ọkàn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbéra, ẹ sọ ibi tí ẹ̀ ń lọ àti ọjọ́ tí ẹ máa padà fún ẹni tó wà láàyè, tó sì máa gbé fóònù rẹ̀. Ẹ má fi àìsàn pamọ́ fún afinimọ̀nà. Kí oògùn yín àti fèrè wà lára yín, kì í ṣe nínú àgọ́. Ẹ má dá rìn, bí ó ti wù kó wù yín tó, bí ẹ bá sì ṣìnà, ẹ dúró sójú kan kí wọ́n lè rí yín. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kó èèyàn lọ, ẹ pe nọ́ńbà tí wọ́n bá fún yín wò kí ẹ tó kúrò nílùú, kí ẹ má sì jẹ́ kí ojú àgbà tì yín débi tí ẹ ó fi fi ẹnìkan sílẹ̀ láìní ẹnìkejì.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá tàbí bàbá tó ń dá gbé, bí wọ́n bá sọ fún yín lórí fóònù pé kò sí nǹkan, ẹ má tíì pa á. Ẹ bi wọ́n lẹ́ẹ̀kejì.