Hàkímù Kò Wí Tẹnu Rẹ̀

Ẹsẹ̀ méjì ni Sùwéébátù kọ́kọ́ rí. Wọ́n yọ síta lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù baba rẹ̀, bàtà rọ́bà tó wà lára ọ̀kan ti já, òjò sì ń pa wọ́n bí ẹni pé ẹni tó ni wọ́n ti gbàgbé wọn síta. Òun jókòó ní tirẹ̀ sábẹ́ páànù nítòsí ibùdó rélùwéè Ifọ̀, àpò láfún tó rà bọ̀ láti Mowe wà níwájú rẹ̀, inú rẹ̀ kò sì dùn rárá.

Ọkọ̀ yìí ti dàgbà. Lẹ́yìn ogun Hítílà ni baba rẹ̀, Bùrẹ́ímọ̀, rà á, àlòkù ni nígbà náà pàápàá. Nísinsìnyí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Mùtàlíbù ló ń wà á, òun ló ń kó ẹrù àwọn ará Ìbafò àti Mowe wá pàdé ọkọ̀ ojú irin. Ibi tó bá dúró sí, adágún epo dúdú ni yóò fi sílẹ̀ níbẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ni láfún yẹn?" Ohùn kan ló ń béèrè láti abẹ́ ọkọ̀.

"Èmi ni. Kí ló dé?"

"Ẹ bu ìkúnwọ́ kan fún mi."

Sùwéébátù wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó tún wo àwọn ẹsẹ̀ náà. "Ṣé ọkọ̀ lebi ń pa ni, àbí fíìtà?"

"Ebi ń pa àwa méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ kọ́kọ́ jẹ."

Ni fíìtà bá yọ jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan ni, epo dúdú ti bo gbogbo ojú rẹ̀ àfi ẹyinjú àti eyín. Hàkímù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Àgbàdo ni, kò sì tíì pẹ́ tó gba ṣọ́ọ̀bù sí Ifọ̀. Ó ti fi kẹrosíìnì nu ẹ́ńjìnnì náà mọ́ tónítóní. Ó gba láfún lọ́wọ́ Sùwéébátù, ó fẹ́ ẹ sára irin náà yíká títí ó fi funfun bí ẹsẹ̀ ọmọ tí kò fi òróró pa ara nígbà ọyẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní kí Mùtàlíbù ta ọkọ̀ jí.

"Ẹ wá wò ó," ó pe Sùwéébátù.

Nínú gbogbo funfun yẹn, ojú kan bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, lábẹ́ àwo tó bo orí ẹ́ńjìnnì. Ó kéré bí orí abẹ́rẹ́, ó fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ṣàn wálẹ̀ bí omijé.

"Ibi tó ti kọ́kọ́ tutù, ibẹ̀ ló ti ń jò," Hàkímù ní. "Gbogbo ibi tí ẹ ti ń rí epo tẹ́lẹ̀, ṣíṣàn ló ṣàn débẹ̀."

Sùwéébátù kò mọ ìgbà tó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ojú fíìtà náà ti yí padà. Ó ń tọ ipa epo náà lọ sísàlẹ̀, níbi tí wáyà iná ọkọ̀ gbà kọjá. Ó fọwọ́ kan ọ̀kan, rọ́bà ara rẹ̀ sì bó sí i lọ́wọ́ bí èèpo ẹ̀wà tó ti rọ̀. Ó tan iná ọkọ̀, ó tẹ fèrè. Bí fèrè ti ń ké ni iná ń rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọ̀gá Mùtà, jíjò yìí nìkan ni mo lè dí lónìí. Epo ti jẹ àwọn wáyà yìí. Wọ́n á máa tàn, wọ́n á máa kú, bó ṣe wù wọ́n. Mo máa ránṣẹ́ ra òmíràn l'Ékòó. Títí yóò fi dé, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín lójú ọ̀nà."

"Mo gbọ́," ni Mùtàlíbù wí.

Wáyà kò tètè dé. Hàkímù sì ń wá gbogbo ọ̀nà láti yẹ ọkọ̀ náà wò. Bí Mùtàlíbù bá ti gúnlẹ̀ sí ibùdó rélùwéè, fíìtà á ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ojú rẹ̀ á sì máa wá ibi tí Sùwéébátù wà.

"Kí lẹ tún ń wá nínú ọkọ̀ tí kò bàjẹ́?" Sùwéébátù bi í lọ́jọ́ kan.

"Ohun tó bàjẹ́ kò sí nínú ọkọ̀."

"Ibo ló wà?"

Ó fi ọwọ́ elépo lé àyà ara rẹ̀, àmì ọwọ́ dúdú bátabàta sì yọ lára ẹ̀wù rẹ̀ funfun. Sùwéébátù rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ òpó. Àtọjọ́ náà ni Hàkímù ti ń pè é ní Àbẹ̀kẹ́, tí òun náà sì ń pe Hàkímù ní Àkànní nígbà tí kò bá sí ẹni tó ń gbọ́. Mùtàlíbù mọ̀, ó sì fẹ́ràn fíìtà náà. Ó ṣèlérí pé bí ààwẹ̀ bá ti parí, òun fúnra òun ni yóò mú un lọ síwájú baba àwọn.

Ààwẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn olóko ránṣẹ́ láti Ìbafò pé ẹrù àwọn fẹ́ bàjẹ́. Sùwéébátù ń jọ láfún lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Bàbá, bí mo bá lọ lónìí, ilẹ̀ á ṣú kí n tó padà. Hàkímù fíìtà ní kí n má rin àṣálẹ́, pé wáyà iná kò dára."

"Fíìtà wo ló wo ọkọ̀ rí tí kò rí àìsàn lára rẹ̀?" baba wọn dáhùn. "Nígbà tí ìwọ ṣì wà nílé kéú, àtùpà ni mo fi ń wa ọkọ̀ yìí, mo sì ń délé. Lọ kó ẹrù àwọn ènìyàn."

Mùtàlíbù lọ. Òjò bá a lọ́nà àbọ̀. Níbi tí ọ̀nà ti yí sí odò kékeré kan lẹ́yìn Mowe, iná ọkọ̀ kú, kò sì tún tàn mọ́, ọkọ̀ sì yà bọ́ sí etí odò. Orí pákó ni wọ́n gbé e padà wálé.

Wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sì sin ín. Hàkímù wà níbẹ̀, ó dúró lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí Bùrẹ́ímọ̀ ṣe kúrò létí sàréè tó rí i, ariwo ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ìwọ! Ìwọ lo fọwọ́ kan wáyà ọkọ̀ mi kẹ́yìn! Ìwọ lo pa á!"

Gbogbo ojú yí sí Hàkímù. Sùwéébátù ń retí kó wí tẹnu rẹ̀. Hàkímù wo ọwọ́ bàbá náà, erùpẹ̀ pupa inú sàréè ṣì wà lára rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

"Ẹ forí jì mí, Bàbá."

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sì tó fún ará ìlú láti dá a lẹ́bi. Àwọn awakọ̀ kò yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́.

Sùwéébátù lọ bá a níbẹ̀, ojú rẹ̀ ti wú.

"Kí ló dé tí o dákẹ́? O kìlọ̀ fún un, mo wà níbẹ̀! Bàbá mi náà gbọ́, Mùtàlíbù sọ fún wọn lójú ara wọn, àwọn ni wọ́n ní kó lọ. Màá sọ fún gbogbo ayé."

Hàkímù jókòó sórí táyà kan. Kò mọ èyí tẹ́lẹ̀.

"Má sọ ọ́, Àbẹ̀kẹ́."

"Wọ́n ń pè ọ́ ní apànìyàn!"

"Èmi lè rù ú. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ rẹ̀ kò lè ru ìyẹn mọ́ ọn. Á pa á."

"Àwa ńkọ́?"

Hàkímù kó irinṣẹ́ rẹ̀ jọ, ó sì padà sí Àgbàdo. Inú bí Sùwéébátù sí i ju bó ṣe bí i sí baba rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, gbogbo ọkùnrin tí wọ́n mú wá fún un lẹ́yìn náà, kò gbé ojú sókè wò wọ́n.

Wọ́n fa ọkọ̀ náà wá sílé, koríko sì hù yí i ká. Ọyẹ́ wá, ó lọ. Nígbà tí òjò tún bẹ̀rẹ̀, Bùrẹ́ímọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ náà, kò sì fẹ́ jáde níbẹ̀ mọ́. Ó ní òun gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Fíìtà kan wá, òmíràn tún wá. Wọ́n pààrọ̀ wáyà láti orí dé ìdí. Iná á tàn, á rẹ̀, á kú. Bàbá náà kì í jẹun mọ́, kì í sì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ìyàwó rẹ̀, Wúlẹ̀mọ̀tù, ló ránṣẹ́ sí Àgbàdo láìwí fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sán gangan ni Hàkímù wọlé. Ó ti rù. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Bùrẹ́ímọ̀ tó wà lábẹ́ ọkọ̀. Hàkímù bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó sì sùn sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Sùwéébátù tó ń gbé omi bọ̀ dúró lójú kan, ó ń gbọ́ bí irin ṣe ń ha irin.

"Wáyà tuntun dára," ohùn Hàkímù ní, "ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti so ìdí rẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ kò dára. Irin ti dípẹtà lábẹ́ ọ̀dà níbí. Iná kò rí ọ̀nà padà sílé."

Ó ha á títí irin fi ń dán, ó sì dè é le. Iná ọkọ̀ tàn. Ó tẹ fèrè, iná kò mì.

Kò sẹ́ni tó yọ̀. Bùrẹ́ímọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú iná náà. Ó ní:

"Ó sọ fún mi."

Hàkímù gbé irinṣẹ́ sílẹ̀.

"Mùtàlíbù. Ó ní o ní kí òun má rin àṣálẹ́. Èmi ni mo ní kó lọ. Ẹnu mi yìí."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"O mọ̀? Láti ìgbà wo?"

"Kò pẹ́ tí a sin ín tán ni mo mọ̀."

"O sì jẹ́ kí n máa pè ọ́ ní apànìyàn? Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Kò sí ẹni tí ìyẹn ì bá jí dìde, Bàbá."

Bùrẹ́ímọ̀ bú sẹ́kún. Sùwéébátù kò gbọ́ ẹkún baba rẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ ìsìnkú. Ó gbé omi sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ tì í, ó sì gbá a mọ́ra. Ìbínú tó ti gbé sáyà láti ọdún tó kọjá, kò mọ ibi tó gbà lọ.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìrun, Bùrẹ́ímọ̀ dìde ní mọ́ṣáláṣí ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún ìjọ, kò fi ìkankan pamọ́. Ó ta ọkọ̀ náà fún ará Ṣàgámù kan. Nígbà tí Hàkímù tún wá, tòun ti àwọn àgbààgbà ìdílé rẹ̀, láti tọrọ Sùwéébátù, bàbá náà kò jẹ́ kí wọ́n pẹ́ lórí ìdọ̀bálẹ̀.

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti so yìgì, láìsí ìlù, láìsí ariwo. Nígbà tí Lèmọ́mù ní kí àwọn ọkùnrin ilé súnmọ́ tòsí, Bùrẹ́ímọ̀ wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀, ó rí i pé ibi tí Mùtàlíbù ì bá dúró sí ṣófo.

Nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Àgbàdo, omijé ń dà lójú ìyàwó tuntun. Hàkímù kò ní kó má sunkún. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"N kò mọ Mùtàlíbù pẹ́," ó ní. "Báwo ló ṣe rí nígbà tó wà ní kékeré?"

Sùwéébátù ń wo ìta títí ilé Ifọ̀ fi tán lójú fèrèsé.

"Ó ń bẹ̀rù ewúrẹ́," ó wí nígbẹ̀yìn.

"Mùtàlíbù yẹn?"

"Ewúrẹ́ lásán! Bó bá rí i, á gun igi." Ẹ̀rín gbà á lẹ́nu láàárín ẹkún, ó fi etí gèlè nu ojú. "Ó ní bí n bá sọ fún ẹnikẹ́ni, òun á nà mí. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ fún."

Hàkímù súnmọ́ ọn sí i, ó ní kó máa bá a lọ.