Ipa Okùn Lẹ́nu Kànga

Sìmẹ́ǹtì ti kun Ọ̀gá Kékeré dé ìgbọ̀nwọ́. Bàbá rẹ̀ bíríkìlà ló fún un lóyè yẹn, torí bó ṣe ń bá a ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ilé ìwé, àṣẹ tó ń pa pọ̀ ju búlọ́ọ̀kù tó ń gbé lọ.

Kànga àtijọ́ tí gbogbo ìlú ń mu kí ẹ̀rọ omi tó dé ni wọ́n ń tún ṣe. Àwọn kan fẹ́ dí i pa, àwọn àgbà kọ̀ jálẹ̀, ìgbìmọ̀ ìlú wá ní kó di ọgbà ìgbafẹ́. Bíríkìlà mọ bẹ́ǹṣì yí i ká, ó sì kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ pé kó má fọwọ́ kan òkúta ẹnu kànga.

Àfi bí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ṣe ń kọjá. Wọ́n wo òkúta tí okùn ìfami ti jẹ káàkiri, wọ́n bi í bóyá eku ló ń bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun. Bí bàbá rẹ̀ ti lọ mú Màmá Àgbà, ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó kọ̀ jálẹ̀, wá wo iṣẹ́, ó po sìmẹ́ǹtì, ó rẹ́ ẹnu kànga títí ó fi dán bí orí apárí. Ó wá dúró, ó ń retí oríyìn.

Ojú Màmá Àgbà ti di bàìbàì, ọwọ́ ló fi ń ríran. Ó fi ìka tọ ẹnu kànga yípo, ó tún tọ̀ ọ́ padà. Ó yíjú sí bíríkìlà.

"Ọmọ mi, kànga ẹlòmíì lo mú mi wá. Jọ̀ọ́, mú mi lọ sí tiwa."

Bíríkìlà wo irin ìrẹ́lé lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Irọ́ ti dé ètè Ọ̀gá Kékeré, pé àwọn ìgbìmọ̀ ló ní kó rẹ́ ẹ. Ó gbé e mì.

"Màmá, tiyín náà ni. Èmi ni mo rẹ́ ẹ pa. Wọ́n fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, ojú sì tì mí."

Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ sílẹ̀ de ìgbájú.

"Ṣé ó ti gbẹ?" ni Màmá Àgbà bi í.

"Rárá, mà."

"Kí lo wá dúró ń wò?"

Ọ̀gá Kékeré kúnlẹ̀, ó ń fi ìka họ ọ́, bàbá rẹ̀ ń da omi sí i. Sìmẹ́ǹtì bó o níka, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dúró. Ipa okùn ń yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá Àgbà ki ìka bọ èyí tó jìn jù.

"Ti ìyá mi nìyí. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí kò jìn yẹn, tèmi ni. Ọ̀lẹ ni mí nígbà yẹn, má jẹ́ kí bàbá rẹ gbọ́."

Bàbá tó dúró tì wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó nu omijé ọmọ rẹ̀ nù, ó ní, "Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà. Àkísà ìlú ló wà lára òkúta yìí."

Ó yé Ọ̀gá Kékeré lọ́jọ́ náà pé ohun tó gbó kọ́ ni ohun tó bàjẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ tún nǹkan ṣe nítorí ẹnu ayé, kó kọ́kọ́ bi àwọn tó lò ó.